Màmá Christianah Olúwatóyìn Fábáyọ̀: Ẹni Tí Kò Sún Àmì Orí Máàpù

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 1954, ní Abà Ọ̀ṣunjìmí lẹ́bàá Itori, ni a bí Màmá sí ìdílé Ifáṣèyí Ọ̀ṣunjìmí, àgbẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá Òkè-Ọnà. Ọmọ méjì péré ni ìyá wọn bí: Bọ́lárìnwá, lẹ́yìn náà Tóyìn. Ihò kan wà lẹ́yìn ilé tí omi ń ṣàn nísàlẹ̀ rẹ̀. Bọ́lárìnwá ló kọ́ àbúrò rẹ̀ ní eré ibẹ̀: wọ́n á ju ọsàn sínú ihò, wọ́n á sáré lọ dúró dè é létí odò, títí ọsàn yóò fi léfòó jáde.

Ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi. Wọ́n gboyè yunifásítì nínú ìmọ̀ ilẹ̀ ní 1978, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Olùkọ́ Ezekiel Fábáyọ̀ ní 1981. Ṣàpọ́n ní Abẹ́òkúta ni wọ́n kọ́lé sí; ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ síbi iṣẹ́ máàpù yíyà l'Ékòó, wọn kò sì pẹ́ dé rí.

Ní 2009, ìgbìmọ̀ kan ní kí wọ́n wá ibi tí a lè kọ́ ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná tó ń lo agbára núkílíà sí. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà to máàpù odò, ti ibùgbé ènìyàn àti ti ojú títì lé ara wọn. Ilẹ̀ mẹ́rin ló yege, Abà Ọ̀ṣunjìmí sì wà nínú wọn. Ayọ̀ gba abà kan. Bọ́lárìnwá, tó ti di baálẹ̀, ti ṣèlérí iná àti iṣẹ́ fáwọn ọ̀dọ́.

Àfi bí Màmá ṣe fọwọ́ ara wọn pa orúkọ abà náà rẹ́ láàárín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn pé òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ló wà lábẹ́ ibẹ̀, pé omi ti jẹ ẹ́ ní ihò, àti pé ohunkóhun tó bá jò sílẹ̀ níbẹ̀, odò tí à ń mu ni yóò bọ́ sí. Wọ́n fi kún un pé: “Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ihò náà hàn mí.”

Bọ́lárìnwá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣáà sún àmì ihò náà díẹ̀ lórí máàpù. Wọ́n ní, “Bọ̀dá mi, ẹ má bínú. Bí mo bá sún àmì, ilẹ̀ ò ní bá mi sún.”

Ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ̀gbọ́n ò fi bá àbúrò sọ̀rọ̀. Kò tilẹ̀ wá síbi òkú ọkọ wọn ní 2013. Ó dùn wọ́n wọra, ṣùgbọ́n wọn kò yí ọ̀rọ̀ padà.

Ní 2018, àwọn ọmọ-ọmọ Bọ́lárìnwá ní kó fi eré ìgbà èwe rẹ̀ hàn wọ́n. Ó ju ọsàn kan sínú ihò, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ dé odò. Ọsàn náà ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé e lọ sí Ṣàpọ́n. Màmá rí ọsàn, wọ́n kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n wọn, ìjà parí.

Alága ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ ni wọ́n jẹ́ fún ọdún méjìlá. Ní Ṣàpọ́n, ẹnikẹ́ni kì í gbẹ́ kànga tàbí ṣáláńgá láìpè wọ́n wá wò ó. Bí wọ́n bá ní rárá, rárá náà ni.

Wọ́n sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 2025, ní ẹni àádọ́rin ọdún. Wọ́n fi Tolúlàṣẹ àti Ọpẹ́olúwa sílẹ̀, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ márùn-ún, àti ẹ̀gbọ́n wọn, tó kọ ìwé yìí.

Àṣà ò gba ẹ̀gbọ́n láyè láti dúró ti ibojì àbúrò rẹ̀, nítorí náà, ilé ni èmi Bọ́lárìnwá wà bí ẹ ti ń ka èyí. Ṣùgbọ́n èmi ni mo lọ yan ilẹ̀ náà. Mo ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ wò níṣojú mi: òkúta líle ló wà nísàlẹ̀, kò ní ihò.

Tóyìn, àbúrò mi, ìwọ lo jàre. Sùn re o.