Màmá Rúlà àti Àga Tí Wọ́n Jowú

Ẹ̀yin ará, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ tí ẹ wá bá wa ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún ìyá wa, ẹbí kí yín káàbọ̀. Kí olóògbé tó lọ, wọ́n kìlọ̀ fún wa pé: "Ẹ má fín ọnà sí ìtàn mi lára. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí." Ìdí nìyí tí a kò fi ní fi owú wọn pamọ́.

A bí wọn ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1941, nínú yàrá tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn. Káfíńtà ni bàbá wọn, aránṣọ ni ìyá wọn. Ọdún méjìlá gbáko ni ìyá wọn fi jẹ́ tiwọn nìkan kí a tó bí àbúrò wọn kan ṣoṣo, obìnrin, ní 1953. Àbúrò náà wà lára àwa tí a kọ ìwé yìí. Ó ní kí a má pe òun ní "wọ́n" nínú rẹ̀, pé ọjọ́ ẹ̀gbọ́n òun lèyí. Olóògbé ló di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí síléètì títí ó fi mọ ìwé kọ.

Ní 1961, ìyá wa wọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń ya àwòrán ohun èlò ilé. Òfin kan ṣoṣo ni àwọn olùkọ́ ìgbà náà mọ̀: iṣẹ́ tí nǹkan fẹ́ ṣe ni kó sọ bí yóò ṣe rí; èyí tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ gé e dànù. Òfin yìí wọ̀ wọ́n lára. Nígbà ìgbéyàwó wọn ní 1967, wọ́n tú òdòdó ara ẹ̀wù ìyàwó kúrò. Bàbá wa, atẹ̀wé tí kì í bínú, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ilé iṣẹ́ àga ti gbà wọ́n láti 1965. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ya àga tí gbogbo yín mọ̀: páìpù mẹ́rin, pákó méjì tí a tẹ̀, kò lápá, ó ṣeé tò léra dé àjà. Ó wà ní báńkì, ní kíláàsì, níbi tí aláìsàn ti ń dúró de dókítà. Kò sí orúkọ lára rẹ̀. "Àga rere kan tó gbogbo ayé," ni wọ́n máa ń wí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kọ́ ló sọ wọ́n ní Màmá Rúlà, nítorí rúlà tí kì í kúrò lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí àbúrò wọn wọ ilé ẹ̀kọ́ kan náà ní 1976, ayé ti yí. Àwọn olùkọ́ tuntun ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ da àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun, ẹ jẹ́ kí àga pàápàá ṣẹ̀fẹ̀. Àbúrò wá kan àga kan: ẹsẹ̀ iwájú ní ọnà fínfín bí ti àga ọba, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jẹ́ páìpù omi, ibi ìfẹ̀yìntì pupa fòò, ó sì ní etí méjì.

"Etí kí nìyí? Kí ló ń gbọ́?" ni ìyá wa bèèrè.

"Ẹjọ́ tí ẹ ń rò ló ń gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, èèyàn kì í fi ìdí nìkan jókòó. Ó ń fi ìrántí jókòó pẹ̀lú."

Àwọn oníròyìn dé, wọ́n sọ àbúrò ní Aláràbarà. Èyí kò dun ìyá wa tó ohun tí wọ́n bá nílé màmá àgbà, ìyá àwọn méjèèjì, ní 1984. Àga alétí wà ní pálọ̀, lábẹ́ fèrèsé. Tiwọn ti dé bálùwẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì aṣọ wà lórí rẹ̀. "Tìẹ lágbára, ó ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dáadáa," ni màmá àgbà wí, wọ́n rò pé àwọn ń yìn ín ni. Owú jẹ ìyá wa dé egungun. Oṣù mẹ́rin ni wọn kò fi ẹnu kan oúnjẹ nílé náà.

Ní 1986, ìdíje àga ńlá kan wáyé, ìyá wa sì wà lára olùdájọ́ márùn-ún. Àbúrò gbé àga alétí wá. A bo orúkọ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ etí wọ̀nyẹn? Ó yẹ kí ìyá wa sọ pé àbúrò àwọn ni, kí wọ́n dìde kúrò láàárín àwọn olùdájọ́. Wọn kò dìde. Ìbò jẹ́ méjì sí méjì nígbà tó kàn wọ́n. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Àwàdà ni èyí, kì í ṣe àga." Báyìí ni àbúrò ṣe pàdánù. Lọ́jọ́ kejì, ìyá wa gbé ọsàn lọ bá a kẹ́dùn.

Ọdún mọ́kànlá ni ọ̀rọ̀ yìí fi wà níkùn wọn. Wọ́n ń gbàdúrà, àdúrà ò gòkè. Ní 1997, lẹ́yìn ìsìnkú màmá àgbà, bí àwọn méjèèjì ṣe ń palẹ̀ yàrá mọ́, ìyá wa jẹ́wọ́ fún àbúrò.

"Mo mọ̀," ni àbúrò wí, kò gbójú kúrò lára aṣọ tó ń ká. "Wọ́n fi ìwé náà hàn mí lọ́dún yẹn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìwé kíkọ. Ṣé n ò ní mọ ọwọ́ yín ni?"

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Owú yín ń jẹ èmi náà. Gbogbo ibi tí mo bá dé, àga yín ni wọ́n ń gbé fún mi. Wíwò ni wọ́n ń wo tèmi. Tiyín ni wọ́n ń jókòó lé."

Wọ́n jà lọ́jọ́ náà, ìjà tí aládùúgbò gbọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti jọ jẹun. Olóògbé kọ lẹ́tà sí àwọn tó ṣètò ìdíje, wọ́n jẹ́wọ́ ohun tí wọ́n ṣe, wọn kò sì dájọ́ mọ́. Láti ìgbà náà, ní gbogbo Sátidé, àwọn méjèèjì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin àdúgbò níṣẹ́ káfíńtà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀gbọ́n ń kọ́ wọn ní òfin, àbúrò ń kọ́ wọn bí a ṣe ń rú u.

Ní oṣù tó kọjá, lórí bẹ́ẹ̀dì àìsàn, ìyá wa ní kí àbúrò fi àwòrán àga tuntun tó ń yà han àwọn. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n gba pẹ́ńsù, wọ́n sún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sẹ́yìn díẹ̀ kó má bàa ṣubú sẹ́yìn. "Ó dára," ni wọ́n wí. "Ó ń bí mi nínú bó ṣe dára tó." Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n papòdà, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin.

Wọ́n fi ọkọ sáyé lọ, ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje, àti àbúrò kan tó ń sunkún pé òun kò rẹ́ni bá díje mọ́.

Ẹ sùn re o, Màmá. Ilẹ̀ á tù yín lára, ẹ̀yìn yín á sì dára.