Ta Ló Bi Òòrẹ̀ Léèrè?

Èmi tí a mọ̀ sí Ìyá Ayàwòrán nílé, níbi iṣẹ́ àti ní gbogbo àdúgbò yìí, ìyá ọmọ méjì, ìyá àgbà ọmọ kan, ni mo ní kí a kọ ìwé ìhágún yìí sílẹ̀. Orí mi pé. Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n, ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi ń bá mi kọ ọ́. Dókítà tó yẹ̀ mí wò ti fọwọ́ sí i pé ọpọlọ mi jí pépé, àní ó ní mo bá òun jiyàn ju bó ti yẹ kí aláìsàn ṣe lọ. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi, ẹnikẹ́ni kò sì tàn mí. Ìwé ìhágún yòówù tí mo bá ti ṣe ṣáájú èyí, mo fagi lé e.

Àwọn tí yóò mú ohun tí mo wí ṣẹ ni àkọ́bí mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àti ọkùnrin tó ń gba ohùn sílẹ̀ níbi iṣẹ́ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Elétí-Ehoro. Òun náà ló ń bá mi kọ ọ́. Ọmọ mi máa ń tètè ṣàánú èèyàn, Elétí-Ehoro kì í sì í gbàgbé ohun tó bá gbọ́, nítorí náà mo so wọ́n pọ̀.

Kí n tó pín abẹ́rẹ́ kan, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Gbogbo yín mọ Èéfín, ìkookò burúkú inú katúùnù àwọn ọmọdé tí mo ti ń yà láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú. Ilé tẹlifíṣọ̀n fẹ́ parí eré náà. Wọ́n fẹ́ kí Èéfín di ẹni rere ní apá ìkẹyìn, kí gbogbo ẹranko gbá a mọ́ra. Láìsí ìfọwọ́sí mi, wọn ò lè ṣe é, mo sì ti kọ̀. Bí mo bá kú, ẹni tí mo bá fi Èéfín sílẹ̀ fún ni yóò pinnu. Ìdí rèé tí ọmọ mi ọkùnrin, oníṣòwò táyà, fi ń ra èso wá kí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo dúpẹ́ o, èso náà dùn.

ÈKÍNNÍ: ILÉ. Ilé tí mo ń gbé yìí, pẹ̀lú yàrá ẹ̀yìn àti kànga, mo fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ mi méjèèjì lọ́gbọọgba. Ẹnì kan nínú wọn kò gbọdọ̀ tà á láìjẹ́ pé èkejì fọwọ́ sí i níṣojú lọ́yà.

Ẹ̀yin mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ mi kò mọ̀ ọ́n. Bàbá àwọn ọmọ mi, Olóhùn Ààrá, ẹni tó ń fi ohùn sí Èéfín lẹ́nu, ta ilé tí àwa méjèèjì jọ kọ́. Kò sọ fún mi. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹni tó rà á gbé àgádágodo dé, Olóhùn Ààrá ti bó ọsàn fún àwọn ọmọ, ó ti pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ó ti bọ́ síta, ó di àwátì. Òjò ń rọ̀. Nọ́ọ̀sì gbé àbúrò rẹ̀ pọ̀n, èmi ń kó ẹrù sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹlẹ́ran. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ó ṣì ń dùn mí. Mi ò ní parọ́ nínú ìwé ìhágún.

ÌKEJÌ: IRINṢẸ́. Tábìlì oníná tí mo fi ń yàwòrán, pẹ́ńsù mi gbogbo àti àwọn búrọ́ọ̀ṣì, mo fi wọ́n fún ọmọ nọ́ọ̀sì, tí mo ń pè ní Ìyá Ìbéèrè. Kó máa fọ búrọ́ọ̀ṣì o. Bó bá jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ mọ́ ọn, kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àga onítìmùtìmù mi, ti Ìyá Aláwọ̀ ni, obìnrin tó ń kun àwòrán wa, nítorí ẹ̀yìn ń dùn ún.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò bínú sí Ìyá Aláwọ̀. Níbi iṣẹ́ wa, òfin kan wà tí a kò kọ sára ògiri: ẹranko rere ní àmì funfun bíńtín nínú ẹyinjú, ẹranko burúkú kò ní. Ọmọ ọdún mẹ́ta á wò ó, á ti mọ ẹni tí òun yóò sá fún. Nínú apá tí Èéfín ti sun ilé òòrẹ̀, ẹranko ẹlẹ́gùn-ún lára tó ń dá gbé, Ìyá Aláwọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, oorun ń kùn ún. Ó fi àmì funfun sójú Èéfín láti ìbẹ̀rẹ̀ iná náà dé òpin. Kò sí ẹni tó rí i nínú wa títí ó fi jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọmọdé rí i. Wọ́n ní Èéfín ń kábàámọ̀, wọ́n ní ẹkún ló fẹ́ sun. Wọ́n ń tìtorí ẹ̀ jà nílé ìwé. Àwọn ọ̀gá ilé tẹlifíṣọ̀n gbọ́, inú wọn dùn, wọ́n ní kí ló kù, kó yí padà ni. Háà! Ọ̀dà tó ṣèèṣì bọ́ sójú ló fẹ́ di ìrònúpìwàdà.

Èmi ni mo gbé òfin àmì funfun yẹn kalẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ti ń dàgbà sí i ni mi ò gbà á gbọ́ mọ́. Mo wo ojú Olóhùn Ààrá dáadáa láàárọ̀ tó ń bó ọsàn yẹn. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó fẹ́ràn àwọn ọmọ náà tọkàntọkàn, ó sì ti ta ilé mọ́ wọn lórí tán. Bí mo bá ní kí n yà á bó ti rí gan-an, mi ò mọ ohun tí ǹ bá fi sí ẹyinjú rẹ̀.

ÌKẸTA: ẸRAN Ọ̀SÌN. Ológbò mi, mo fi fún ọmọ mi ọkùnrin. Yóò ní òun ò fẹ́. Ẹ má dá a lóhùn. Mo ti rí i níbi tó ti ń fi ẹja bọ́ ọ lábẹ́ tábìlì, tó sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ìyàwó sọ̀rọ̀.

ÌKẸRIN: GBÈSÈ. Àkàsọ̀ mi wà lọ́dọ̀ gbénàgbénà ẹ̀yìnkùlé. Yóò sọ fún yín pé mo ti fi ta òun lọ́rẹ. Irọ́ ni. Ẹ fi í sílẹ̀ fún un, òrùlé rẹ̀ ń jò ju tiwa lọ.

ÌKARÙN-ÚN: ÈÉFÍN. Èéfín, àwòrán rẹ̀, orúkọ rẹ̀ àti ẹ̀tọ́ tó bá a wá, mo fi wọ́n fún Ìyá Ìbéèrè. Kí ìyá rẹ̀ bá a tọ́jú wọn títí yóò fi tójúúbọ́. Mo sì kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni sọ Èéfín di ẹni rere láé.

Ọmọ mi ọkùnrin sọ pé ọkàn mi le, pé kí ni mo fẹ́ fi kọ́ ọmọdé bí ẹni burúkú kò bá lè yí padà. Ìbéèrè gidi ni, mo sì ti rò ó síwá sẹ́yìn. Mi ò sọ pé èèyàn kì í yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ wo eré tí wọ́n kọ wá: Èéfín yọ ọ̀kẹ́rẹ́ nínú odò, ó sunkún, gbogbo ẹranko gbá a mọ́ra, wọ́n ń jó. Mo fi àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ kọ́ ara ògiri. Ìyá Ìbéèrè wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó wá bi mí pé òòrẹ̀ dà, ṣé wọn ò pè é ni. Ẹni tí wọ́n sun ilé rẹ̀ kò sí níbi tí wọ́n ti ń dárí ji ẹni tó sun ún.

Ohun tí ojú èmi náà rí nìyẹn. Nígbà tí Olóhùn Ààrá fi máa padà wá, ó ti rù, ó ti fi ọtí sílẹ̀, ilé tẹlifíṣọ̀n gbà á padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi dì mọ́ ọn, ẹ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ nínú pálọ̀ mi. Mi ò bá yín wí, bàbá yín ni. Àmọ́ kò sí ẹni tó bi mí léèrè.

ÌKẸFÀ: OLÓHÙN ÀÀRÁ. Mi ò fi ohunkóhun sílẹ̀ fún un. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n.

Bí mo ti pe gbólóhùn yẹn tán ni Elétí-Ehoro gbé bírò sílẹ̀. Mo ní kí ló dé. Ó ní òun ò lè kọ ọ́ kí òun má kọ́kọ́ sọ ohun tí etí òun gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n pe Olóhùn Ààrá láti wá gbìyànjú ọ̀rọ̀ apá ìkẹyìn, bóyá èmi á gbà bí mo bá gbọ́ ọ. Nígbà tó dé ibi tí Èéfín ti ń sunkún, ó yọ ẹ̀rọ etí rẹ̀, ó ní òun ò ní í sọ ọ́. Ó ní òun ò rí òòrẹ̀ nínú ìwé náà. Ó ní ẹnì kan kì í bá ẹlòmíràn dárí jini, àti pé òun mọ ohun tí òun ń wí. Olùdarí eré sọ fún un pé ayọ̀ ni àwọn ọmọdé ń fẹ́. Olóhùn Ààrá ní kí wọ́n jẹ́ kí Èéfín máa ru òkúta ìkọ́lé lọ sí ẹnu ọ̀nà òòrẹ̀ títí eré yóò fi parí, bí òòrẹ̀ kò bá sì ṣílẹ̀kùn, kó parí síbẹ̀. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́ fún mi, ǹ bá ní eré ló tún ń ṣe. Kò wá. Kò sọ fún nọ́ọ̀sì, kò sọ fún oníṣòwò táyà. Elétí-Ehoro, kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo sunkún, má wojú mi.

Lọ́yà mi, tó jókòó tì wá láti ìbẹ̀rẹ̀, ní kí a ya abala ìwé yìí dànù, kí a tún un kọ. Mo ní rárá. Kí ó wà bẹ́ẹ̀, kí àwọn ọmọ mi rí ibi tí ọkàn mi ti yà.

ÌKEJE: ÀTÚNṢE. Mo fagi lé gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ inú ẹ̀ka ìkẹfà. Mo tún fagi lé èèwọ̀ inú ìkarùn-ún. Èéfín lè yí padà, bí òòrẹ̀ bá wà níbẹ̀, tó sì jẹ́ pé òòrẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ sí òòrẹ̀ lẹ́nu kó lè yá. Kí ó gba iye apá tó bá máa gbà. Pẹ́ títí, akólòlò á pe baba. Níwọ̀n ìgbà tí Olóhùn Ààrá bá ṣì lè sọ̀rọ̀, ohùn ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu Èéfín.

Yàrá ẹ̀yìn, mo fi í sílẹ̀ fún Olóhùn Ààrá láti máa gbé títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. Kò lè tà á, kò lè fi háyà, kò sì ní ìpín nínú ilé.

Lọ́yà bi mí bóyá kí òun kọ ọ́ pé mo ti dárí jì í. Mo gbìyànjú láti pè é, ẹnu mi kò gbé e. Kí ẹ má kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò lè dúró de ikú mi. Elétí-Ehoro, bí o bá kúrò níbí, gba ọ̀dọ̀ Olóhùn Ààrá kọjá. Sọ fún un pé kó wá lọ́la. Kí àwọn ọmọ má tẹ̀ lé e, kó má ru ohunkóhun dání. Kó kan ilẹ̀kùn, kó sì dúró. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, yóò pẹ́ díẹ̀, àmọ́ èmi ni n ó ṣí i fúnra mi.

Mo fọwọ́ sí i pẹ̀lú ọwọ́ gbígbọ̀n, níwájú àwọn tó tẹ̀ lé e yìí, tí wọn kò jogún ohunkóhun nínú rẹ̀:

Ìyá Ayàwòrán

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá.

Ẹlẹ́rìí èkínní: Dókítà tó yẹ̀ mí wò.
Ẹlẹ́rìí ìkejì: Aránṣọ òdìkejì títì.
Ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀: Elétí-Ehoro. Ó ti wọ bàtà.