Ògiri Ẹ̀yìn Kọ́bọ́ọ̀dù Ìyá Leona

Èmi, Alfons Emil Vrazel, bíríkìlà, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tí mò ń gbé ní Texas nínú ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́, ni mo ṣe ìwé ìhágún yìí. Ara mi ni kò le. Orí mi pé. Ẹni tó bá ní mò ń ṣe rànrán, kó wá bi mí ní orúkọ gbogbo màlúù mi.

1. Mo fi ilé mi àti ilẹ̀ tó yí i ká fún Leona, ọmọ mi kan ṣoṣo, tó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó lè tọ́jú mi.

Àmọ́ ilé náà fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀dínwó owó orí ilé tí ìjọba ń ṣe fún èmi arúgbó, ọjọ́ tí mo bá kú ló parí, iye tí wọ́n sì dá lé ilé náà lọ́dún yìí, èyí tí wọ́n fi ń ṣírò owó orí rẹ̀, ju agbára Leona lọ. Èmi ni mo fà á. Nígbà tí òṣìṣẹ́ tó ń díye lé ilé dé lóṣù Kẹta, mo fọwọ́ lu ògiri níwájú rẹ̀, mo ní, "Ọmọ mi, ilé yìí ò ní mì láé!" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnu mi yìí!

2. A ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kí wọ́n lè dín iye náà kù. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù yìí ni wọn yóò gbọ́ ọ. Dókítà kò rò pé mo máa débẹ̀. Leona, mú ìwé yìí lọ. Ti kọ́bọ́ọ̀dù ìyá rẹ kúrò, kó o ya fọ́tò ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti tún lanu láti òkè dé ilẹ̀. Ọdọọdún, kí Àjíǹde tó dé, ni mo máa ń rẹ́ ẹ tí mo sì ń kùn ún. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rẹ́ ẹ kí ọjọ́ náà tó pé.

3. Màlúù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ti Leona ni. Èyí tó máa ń fi ìwo kan èèyàn ni kó kọ́kọ́ tà. Ìyá rẹ̀ ló fẹ́ràn rẹ̀, kì í ṣe èmi.

4. Okùn ìwọ̀n mi, kí ó padà sọ́dọ̀ àbúrò mi, Bohumil. Mo ní kó padà, torí tirẹ̀ ni.

Wọn yóò bi Leona pé kí ló ṣe ògiri. Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé, mo fi búra. Lọ́dún 1997, nígbà tí à ń kọ́ ilé yìí, ọ̀pá irin tán nígbà tó ku apá kan ìpìlẹ̀. Bohumil ní, "Bùrọ̀dá, ẹ jẹ́ ká dúró di Mọ́ńdè, irin á dé." Mo ní, "Àbí ìwọ lo kọ́ mi níṣẹ́?" Mo da kankéré síbẹ̀ láìsí irin. Nígbà tí ògiri lanu, mo sọ fún gbogbo ìjọ pé Bohumil ló jí irin mi tà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rèé tí kò ti wọ ilé yìí. Lọ́jọ́ tí a sin ìyá Leona, ìta ló dúró sí nínú oòrùn, ó mú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Mo rí i láti ojú fèrèsé, mi ò pè é wọlé. Ojú ń tì mí.

5. Bohumil ni mo yàn láti mú ìwé yìí ṣẹ. Tó bá kọ̀, mi ò bá a wí. Bohumil, tó o bá gbà, bá Leona lọ síbi ìgbẹ́jọ́, kó o jókòó síwájú nígbà tí wọ́n bá ń ka èyí sókè. Lẹ́yìn náà, bá a tún ògiri náà ṣe. Irin tí mo ní o jí wà nínú gáréèjì, lábẹ́ tapólì. Ó dé ní Mọ́ńdè, bó o ṣe sọ.

Mo fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kejì oṣù Keje, ọdún 2024.

Alfons Emil Vrazel

Ó ṣojú wa:
Rosalie Janda, nọ́ọ̀sì
Ladislav Orsak, aládùúgbò