Ẹsẹ Tó Wà Lábẹ́ Àlẹ̀mọ́

Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kẹta
Nọ́ọ̀sì ọmọ mi kò tún wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀sẹ̀ kejìlá nìyí, mo ń kà á. Ọmọ tí mo fi ẹ̀rọ ìránṣọ tọ́, tí mo fi Bíbélì kọ́! Mo dìde láàárín ìjọ, mo ní kí wọ́n bá mi gbàdúrà fún ọmọbìnrin mi olórí kunkun. Wọ́n ṣe àmín. Ó dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ Ajé, 3
Mo tún fi ẹsẹ yẹn ránṣẹ́ sí i láàárọ̀ — èyí tó ní kí ọmọ máa gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu. Ọjọ́ kọkànlélógún. Kò fèsì. Etí ìkòkò ni etí ọmọ yìí: ó wà, kò gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 6
Elétí ọfẹ kan nínú ìjọ ti ròyìn àdúrà ọjọ́ Ìsinmi fún un. Ó pè. Ohùn rẹ̀ tutù minimini, ìyẹn ló bí mi nínú jù. Ó ní, "Màmá, Bíbélì ti di pàṣán lọ́wọ́ yín." Pàṣán! Ṣé èmi ni mo kọ ọ́ ni? Ó ní òun ti kó kúrò nílé tí mo mọ̀, kí n má wá òun.
Abẹ́rẹ́ gún mi níka. N kò tilẹ̀ mọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Inú ń bí mi.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Lọ́yà yà wá — àbúrò rẹ̀. Kò kàwé òfin rí, fíríìjì ló ń tún ṣe, ṣùgbọ́n ẹnu! Mo ní kó mú mi lọ sílé ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní ẹnu iṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n òun máa ń wà lọ́jọ́ Ìsinmi, pé ó ń ka Bíbélì fún àwọn arúgbó tí ojú wọn ti fọ́ ní wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi! Ó ní, "Ṣé ẹ bi í ni?" Mo lé e jáde. Ó dẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú padà: ẹsẹ tí mo ń fi ránṣẹ́ yẹn, ṣé mo kà á dé ìsàlẹ̀? Mo ní kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀.

Ọjọ́rú, 12
Kò sí nǹkan kan lóòótọ́. Àlẹ̀mọ́ ni. Nọ́ọ̀sì ló fa ojú ewé Bíbélì náà ya nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Aṣọ líle tó ní gọ́ọ̀mù, tí à ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ inú kọ́là ẹ̀wù, ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Mo nà án lọ́jọ́ náà títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi lé. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá kà débẹ̀, fífò ni mò ń fò ó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Mo fi àkísà tútù àti áyọ́ọ̀nù gbígbóná ṣí i, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tú aṣọ tó rán. Àwọn lẹ́tà kan bá àlẹ̀mọ́ lọ. Èyí tó kù tó kà: kí baba má ṣe máa mú ọmọ rẹ̀ bínú. Baba ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ìyá — mo kọ́kọ́ dì mọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n baba wọn ti kú. Ta ló kù tí ọ̀rọ̀ náà yóò bá wí?
Ọgbọ̀n ọdún! Mo bínú sí áyọ́ọ̀nù, mo bínú sí gọ́ọ̀mù, mo bínú sí Lọ́yà. Nígbà tó yá, kò sí ẹlòmíì nínú yàrá tí mo lè bínú sí, àfi èmi.
Mo pe Nọ́ọ̀sì. Ìgbà kẹta ló gbé e. Ó ní ẹsẹ wo ni mo tún gbé dé.
Mo ní, "Èyí tí o fà ya."
Kò gé fóònù.