Dókítà Inú Fóònù Ní Òun Ò Tíì Rí Ẹnu Bàbá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ohun tí wàá jẹ kò ní wọ́n ẹ, ohun tí wàá fi jẹ ẹ́ kò sì ní dùn ẹ́. Kọ́kọ́ ṣe àmín kó o tó kà á síwájú.

Àlàáfíà la wà nílé, àfi eyín bàbá rẹ. Eyín ẹ̀yìn wọn kan ti ń dùn wọ́n láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, wọ́n sì ń bá gbogbo èèyàn jà, títí kan àga tí wọ́n jókòó lé.

Àbúrò rẹ obìnrin wá ṣí fídíò eyín yíyọ fún wa lórí fóònù ẹ̀. Dókítà méjì la rí. Ti àkọ́kọ́ mọ iṣẹ́ gan-an, torí ṣe ló ń pariwo. Ó ní ìkan náà ni gbogbo eyín, ẹ̀mú àti omi iyọ̀ ti tó, ìṣẹ́jú kan, ó parí. Ọ̀kẹ́ méjì èèyàn ló ti tẹ̀ka sábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀, irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ kò sí ní kóòtù. Onígbàjámọ̀ wa wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó ti yé òun, ká mú bàbá rẹ wá ní Sátidé, òun á tún bá wọn fárí lọ́fẹ̀ẹ́.

Èkejì ló bí mi nínú. Ìka mọ́kànlá péré ló wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ tiẹ̀, àbúrò rẹ ló sì ṣèèṣì tẹ ọ̀kan níbẹ̀. Ó wọ aṣọ funfun o, àmọ́ kò mọ nǹkan kan. Ó ní òun ò lè sọ bóyá kí wọ́n yọ eyín àbí kí wọ́n fi í sílẹ̀, àfi tí dókítà bá kọ́kọ́ wo ẹnu aláìsàn. A ní kò burú. Bàbá rẹ yanu sí fóònù, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, àbúrò rẹ fi ṣíbí tẹ ahọ́n wọn mọ́lẹ̀. Dókítà tún ní àfi kí wọ́n wo ẹnu. Ẹ̀ẹ̀mẹfà la ṣe é, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ. Mo ní àbí ojú ló ń dun òun náà ni?

Lánàá, bàbá rẹ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, wọ́n bá a tó ń fi epo pa ẹ̀mú tó fi ń fa ìṣó, wọ́n sì yíjú padà sílé láìkí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní dókítà tí kò mọ nǹkan kan yẹn lòun fẹ́, torí ẹni yẹn nìkan ló béèrè ẹnu òun.

Jọ̀ọ́, fowó fóònù ńlá ránṣẹ́ kó tó di Sátidé, èyí tójú ẹ̀ fẹ̀ bíi fèrèsé, kí dókítà lè ráàyè wo inú. Àmọ́ bàbá rẹ ti di ẹrù wọn. Wọ́n ní tówó náà bá pẹ́, tó o bá rí wọn lẹ́nu ọ̀nà rẹ, má bi wọ́n ní nǹkan kan, ṣáà ṣílẹ̀kùn.

Eyín rẹ á bá ẹ dalẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ