Ojú Bàbá àti Góòlù Kan

Àǹtí Mọ̀nsúrát, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ bá mi kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ ní Kaduna. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi náà ń lọ. Ẹni tí mi ò bá gẹrun fún ní Ikorodu, kò tíì gẹrun.

Àǹtí, ojú Bàbá ò ríran dáadáa mọ́. Sátidé, a jọ lọ wo Arsenal yín nílé ìwo-bọ́ọ̀lù tó wà ní Benson, bó tiẹ̀ jẹ́ pé wọn ò tó Chelsea mi. Wọ́n gbá góòlù kan. Bí tẹlifíṣọ̀n ṣe tún un fi hàn, Bàbá fò sókè: "Ó ti di méjì!" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá rọra jókòó. Ni mo bá ń pariwo bíi rédíò: "Ó ti gbà á lápá ọ̀tún, ó ń gbé e bọ̀."

Ẹnìkan ní, "Dákẹ́ jàre, ṣé àwa ò lójú ni?"

Bàbá ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́." Ọwọ́ wọn wà léjìká mi títí bọ́ọ̀lù fi parí.

Tí mo bá dárúkọ dókítà, wọ́n á lé mi. Tẹ́ ẹ bá wálé Iléyá, ẹ ní ẹ̀yin lẹ fẹ́ yẹ ojú wò, kí Bàbá sìn yín lọ. Ẹ má dárúkọ mi o.

Ọlọ́run á mú yín dé láyọ̀, á jẹ́ kí Bàbá máa fojú ara wọn wo bọ́ọ̀lù, kí n lè panu mọ́.

Àbúrò yín,
Mujeeb