Kíláàsì Pìlátíìsì Tí O Ní Kí N Wá

Hadiyyah ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Àbújá, ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ò tíì gbàgbé Yorùbá? Allah á máa ṣọ́ yín. Gbogbo wa nílé wà dáadáa, ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì. Màsúdát ọmọ àbúrò mi ló ń bá mi kọ ìwé yìí, níbi tó bá ti wọ́, ẹ̀rín ló ń rín.

Ní ti ẹ̀yìn tó ń dùn mí, tí n ò fi lè tẹ̀ba forí kanlẹ̀ kírun mọ́, tó jẹ́ orí àga ni mò ń jókòó sí bí àlejò níwájú Ọlọ́run, o ní kí n wá kíláàsì eré ìdárayá Pìlátíìsì ti bìgínà. Èmi àti Màsúdát bá wọ Ìlọrin. L'Ọ́jà Tuntun, mo ní Pìlátíìsì là ń wá, wọ́n mú wa lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta pléètì. Ní Táíwò Road, mo béèrè ilé Alhájà Bìgínà títí, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Màsúdát rẹ́rìn-ín tẹ́rùn kó tó sọ fún mi pé èmi gan-an ni bìgínà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nǹkan.

Kíláàsì tá a kọ́kọ́ rí, ọkùnrin ló ń kọ́ wọn, orin ń dún lákọlákọ, wọ́n ń fò bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ. Mo kí wọn, mo yí padà. Èkejì ló jẹ́ tobìnrin nìkan, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Nafisah ni wọ́n ń pe tíṣà wọn, ọmọ tó mọ àgbà í bọ̀wọ̀ fún ni. Ó tẹ́ ẹní rọ́bà fún mi, mo bi í pé ibo ni gábàsì. Ó ní kì í ṣe ìrun, kí n sùn kalẹ̀, kí n ká orúnkún sókè, kí n máa mí. Mo ní ṣebí mo ti ń mí látàárọ̀.

Ṣùgbọ́n bí mo ti sùn tí mo wòkè, mo rántí ẹní tá a máa ń tẹ́ sábẹ́ máńgòrò lásìkò ìkórè ẹ̀pà, ìwọ láàárín èmi àti bàbá rẹ, òun á máa mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi orúkọ ẹyẹ kan pe òmíràn, kí o ṣáà lè tún un ṣe fún un. Omijé bọ́ lójú mi. Nafisah kúnlẹ̀ tì mí, ó bi mí bóyá ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Mo ní rárá, ọkọ mi tó ti kú ni mo rántí. Ó di ọwọ́ mi mú títí mo fi mí kanlẹ̀. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé mo ti rí kíláàsì mi.

Mi ò tíì dá a dúró láti ìgbà náà. Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo tẹ̀ba. Eegun mi ta pàó, ṣùgbọ́n iwájú orí mi kan ilẹ̀, Hadiyyah. Mo pẹ́ níbẹ̀.

Jọ̀wọ́, mo nílò owó mọ́tò àti owó kíláàsì. Má fi í gba inú fóònù mi o, ojú rẹ̀ ti sán, n ò fẹ́ kí owó jò dànù. Mú un wá fúnra rẹ, kó àwọn ọmọ dání, kí wọ́n wá mọ ibi tí a sin bàbá wọn àgbà sí. Allah á jẹ́ kí àwọn tí o bí fi ẹ̀rín rántí rẹ. Àmín.

Èmi ìyá rẹ,
Hàlímọ̀tù